Ẹrẹ̀ Tó Kù Nínú Ìkarahun

Fèrè kejì ti dún lórí odi nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún da ohun tó wà nínú àpò awọ náà sórí tábìlì, tí ó sì rí iṣẹ́ tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ìgbín òkun méje ni. Gbogbo wọn ti di òkúta, láti ayé kan tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ láti ka ọdún rẹ̀. Wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n ń dán bí eyín ọmọdé. Ó yí ọ̀kan dojú dé, ó yí èkejì, ó gbé ẹ̀kẹta lọ síbi fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á. Lábẹ́ ikùn ìkarahun, níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń fi íǹkì dúdú kọ nọ́ńbà sí, kò sí nǹkan kan mọ́.

“Mo ti fọ̀ ọ́ nù,” ni ó wí.

Sàbínà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi abẹ́rẹ́ gígùn rán ẹnu àpò ìyanrìn tí wọ́n fi ń mọ odi òkun. Láti ilé ẹ̀kọ́ mísọ́nnù ni òun àti Rẹ̀mílẹ́kún ti ń bọ̀, wọ́n sì ti jọ ń rán àpò fún odi láti ọdún mọ́kàndínlógún. Kò gbójú sókè. “Kí lo fọ̀ nù?”

“Nọ́ńbà Tíṣà.”

Abẹ́rẹ́ náà dúró sínú àpò.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀yìn ìfẹ́. Ní ìlú Ìdí-Ẹfun, láti ìgbà tí òkun ti gba Èkó, tí ó sì ń bọ̀ lọ́dọọdún bí àlejò tí kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́, ilẹ̀ kò tó láti fi sin òkú. Wọ́n ń gbé òkú kọjá odi, wọ́n ń fi í fún òkun. Bí ó bá di ogójì ọjọ́, àwọn ará ilé á fi omi dídùn fọ gbogbo ohun tí ọwọ́ olóògbé ti kàn, kí iyọ̀ ayé yìí má baà tẹ̀lé e. Ife méjì ni Ilé Omi ń bù fún ẹnì kan lójúmọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn òkú rẹ̀ á mu ife kan, á fi ìkejì pamọ́. Rẹ̀mílẹ́kún fi tirẹ̀ pamọ́ fún ogójì ọjọ́ gbáko, títí ètè rẹ̀ fi là. Ó fi ọṣẹ dúdú àti kànhìnkànhìn fọ bàtà Tíṣà, ó fọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fọ òòlù kékeré tó fi ń wú òkúta. Níkẹyìn, ó fọ àwọn ìgbín méje náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, kò sì wo omi tó dúdú tó ń dà lọ. Àwọn aládùúgbò ní kò sí opó tó tíì fọ ẹrù ọkọ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Ìwé tó máa ń kọ nǹkan sí ńkọ́?” ni Sàbínà béèrè.

“Mo fi ṣe ìrọ̀rí fún un nínú pósí.”

Sàbínà mí kanlẹ̀. “Lóòótọ́. Èmi náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo ní kí o gbé e sókè díẹ̀ sí i kí ọrùn má baà ro ó.” Ó mi orí. “Bí ẹni pé ọrùn ṣì lè ro òkú.”

Lójú pópó, ẹ̀rọ orí òpó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ohùn rẹ̀ tutù bí ti ẹni tí kò jẹun rí: “Òkúta tí kò bá lè jẹ́rìí, odi ni ilé rẹ̀. Ẹ̀rí lórí Àtẹ̀gùn yóò wáyé ní fèrè kẹta. Ẹ̀rí méje. Kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín.”

Àtẹ̀gùn ni wọ́n ń pe òkè òkúta ẹfun tó wà lẹ́yìn ìlú, nítorí ipele rẹ̀ méje tó hàn lára rẹ̀ gbangba, ọ̀kan lórí èkejì, bí àtẹ̀gùn ilé òyìnbó àtijọ́. Òun nìkan ni òkè tó kù. Ọlọ, ẹ̀rọ ńlá tó ń lọ òkúta, ti jẹ ìyókù. Ọlọ náà ti dé láti àná, ó dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́jọ ní ìdí òkè, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà yí ibi tí ẹnu rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá ìlà pupa. Bí ìgbín méje Tíṣà, tí nọ́ńbà wọn ń sọ àtẹ̀gùn tí ó ti wú ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, bá jẹ́rìí àtẹ̀gùn méje, ohun tí ayé kọ sára òkè náà yóò dúró. Bí wọn kò bá jẹ́rìí, kí oòrùn tó yẹ̀ lórí, gbogbo rẹ̀ yóò di lẹ́búlẹ́bú fún odi.

Odi náà sì ń jò. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ní ìhà gúúsù, ibi tí Ebùdọlá ọmọ Sàbínà ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ìbejì wọn, omi ti ń yọ́ wọlé láti oṣù kan.

“Sàbínà,” ni Rẹ̀mílẹ́kún wí, “bí wọ́n bá fi Àtẹ̀gùn sílẹ̀, ìwọ ńkọ́? Ilé Ebùdọlá ńkọ́?”

“Mo ti rò ó.” Sàbínà já òwú pẹ̀lú eyín. “Bí òkúta rẹ bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kó sọ ọ́. Bí kò bá ní, kó wá dí ihò fún ọmọ mi. Mi ò lè bínú sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n má jókòó síbẹ̀ kí o máa wò wọ́n bí adìyẹ tó sọ ẹyin nù. Tò wọ́n! O mọ̀ wọ́n ju ìka ẹsẹ̀ rẹ lọ. Èyí tó fẹ́lẹ́ ṣáájú, èyí tó ki tẹ̀lé e. Ta ló máa mọ̀?”

“Tíṣà máa mọ̀.”

“Tíṣà wà nínú òkun, ó ń kọ́ àwọn ẹja níwèé. Òótọ́ dé ọjà, ó kùtà, ọ̀rẹ́ mi.”

Rẹ̀mílẹ́kún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún. Ó tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Ìgbín kan wà níbẹ̀, èyí tó mú kúrò láàárín àwọn méje lórí tábìlì, tí ó sì dì mọ́ aṣọ láìmọ̀, bí ìṣe rẹ̀. Ní ti èyí, kò nílò nọ́ńbà. Àtẹ̀gùn kìíní ni, láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó kéré, ó fẹ́lẹ́, ihò róbótó kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ihò tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ lu.

Ọdún kọkàndínlógójì rèé tí Tíṣà fi í lé e lọ́wọ́.

Nígbà yẹn, òjò ṣì máa ń rọ̀ tí èèyàn á kàn la ẹnu sí i. Agogo mísọ́nnù ṣì ń lù ní aago méjì ọ̀sán, igi gúáfà sì wà lẹ́yìn kíláàsì níhà òkè, tí àwọn ọmọ kì í jẹ́ kí èso rẹ̀ pọ́n. Òun ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, Tíṣà ń kọ́ àwọn àgbà. Àwọn ará Èkó ṣì máa ń wá ṣe ìsinmi, wọ́n á máa fi ìwé pélébé fẹ́ ara wọn, wọ́n á máa kùn pé Ìdí-Ẹfun jìnnà sí òkun jù, pé atẹ́gùn kò sí. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Tíṣà mú un lọ sí ìdí òkè, tí ó sì wú ìgbín náà jáde.

“Kì í ṣe òrùka,” ni ó wí, ojú ń tì í, “ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ju òrùka lọ.”

“Ìgbín òkun, níbí?”

“Òkun ti wá síbí rí. Ó wá, ó pẹ́, ó lọ. Wo ihò yìí. Ìgbín kan wà nínú òkun ayé àtijọ́, ìgbín olè. Á gun ẹlòmíràn lórí, á lu ìkarahun rẹ̀ títí yóò fi yọ sínú, á sì fa ẹran rẹ̀ mu.”

“Ó mà ṣe o.”

“Wàyí o, wo ti àtẹ̀gùn kẹta.” Ó fi òmíràn hàn án. “Ìkarahun rẹ̀ ki ju ti ìṣáájú. Olè bẹ̀rẹ̀ ihò náà, kò lè parí rẹ̀.”

“Ìgbín náà ti gbọ́n?”

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí gíláàsì rẹ̀ fi yọ̀ sórí imú. “Ìgbín wo ló gbọ́n? Nínú ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan á fẹ́lẹ́, ọ̀kan á ki díẹ̀. Olè jẹ èyí tó fẹ́lẹ́ kó tó bímọ. Èyí tó ki ló kù tó ń bímọ, ọmọ sì ń jọ ìyá. Jẹ́ kí ìyẹn máa ṣẹlẹ̀ láti ìran dé ìran, fún ọdún tí ẹnu kò lè kà. Kò sí ẹni tó pàṣẹ fún ìgbín.”

Rẹ̀mílẹ́kún tí wọ́n tọ́ nínú ìwé ìbéèrè-àti-ìdáhùn ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rù bà á díẹ̀. “Ọlọ́run wá ńkọ́?”

“Ohun tí mo rí nínú òkúta ni mo ń sọ, Rẹ̀mí. Ní ti Ẹni tó ni ín, ohun kan ṣoṣo ló dá mi lójú: kò kánjú.”

Kí wọ́n tó padà sílé ní ọjọ́ náà, ó tún sọ ohun kan tí kò wúni lórí nígbà yẹn. Ó ní, “Má fi bí wọ́n ṣe rí tò wọ́n láé. Ilẹ̀ ni kó tò wọ́n, nítorí èyí tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ sùn. Bí o bá fi ojú ara rẹ tò wọ́n tán, tí o wá ń pariwo pé ẹ wò ó bí wọ́n ṣe tò, ta lo ń tàn?”

Rẹ̀mílẹ́kún nu ojú rẹ̀. Ó gbé gègé íǹkì tó kù nínú àpótí Tíṣà. Ó to àwọn ìgbín náà láti orí èyí tó fẹ́lẹ́ dé orí èyí tó ki. Wọ́n tò dáadáa, wọ́n wu ojú. Méjì wà nínú wọn tí kò ní ihò rárá, ìbáà ṣe èyí tó parí tàbí èyí tí kò parí, wọ́n sì bọ́ sáàárín àwọn oníhò bí ẹni tó ṣì ilé wọ̀. Ọ̀kan ṣe ìkejì, ọ̀kan ṣe ìkẹrin. Ó rí i. Ó gbójú kúrò. Ó kọ nọ́ńbà sí wọn lábẹ́ ikùn, ó sì fa ọ̀pá kékeré dábùú nọ́ńbà keje, nítorí bí Tíṣà ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.

Fèrè kẹta dún.

*

Lábẹ́ tápólì ní ìdí Àtẹ̀gùn ni Aṣàyẹ̀wò jókòó sí. Láṣebìkan ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún kan tí wọ́n rán wá láti ìhà àríwá odi. Iyọ̀ ti fún aṣọ òjò rẹ̀ láwọ̀ eérú. Àgbàdo sísè kan wà níwájú rẹ̀, kékeré, aláwọ̀ ẹrẹ̀, irú èyí tí gbogbo ayé ń jẹ báyìí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo náà ni Ahọ́n wà.

Kò sí ọmọ ìlú tí kò mọ Ahọ́n. Ọ̀pá irin pẹlẹbẹ ni, ó gùn tó ṣíbí ọbẹ̀. Oṣooṣù ni wọ́n ń fi í bọ ilẹ̀ oko láti tọ́ iyọ̀ inú rẹ̀ wò, yóò sì sọ ibi tí ilẹ̀ náà ti wá àti ohun tó ń ṣe é. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ti fi í tọ́ Àtẹ̀gùn wò láti ìsàlẹ̀ dókè, kí Ọlọ lè mọ ipele tí ẹfun rẹ̀ dára jù fún odi.

“Ẹ kú ọ̀fọ̀, Màmá,” ni Láṣebìkan wí, ó dìde. “Ẹ kú àtẹ̀yìnwá. Ọlọ́run ó tu yín nínú.”

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ̀yìn yín náà á dára.”

Àwọn èèyàn tó wá wòran kò ju ogún lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wá láti ìhà gúúsù, ṣòkòtò wọn ṣì tutù dé orúnkún. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Sàbínà dúró láàárín wọn, àpò tó ń rán lọ́wọ́ wà léjìká rẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún to àwọn ìgbín náà sórí tábìlì. Láṣebìkan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi gíláàsì wò wọ́n láti ọ̀tún dé òsì, ó tún padà. Ó pẹ́.

“Ó mà tò o,” ni ó wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Ó ń ki sí i, ó ń ki sí i. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, Màmá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé òkúta lásán wá bá mi nítorí pé bàbá wọn jókòó lé e rí. Èyí sọ̀rọ̀.” Ó mú òǹtẹ̀ kúrò nínú àpò rẹ̀. “Ó ku ìbéèrè kan, òfin ló ní kí n bi yín. Ṣé ọwọ́ ẹni tó wú wọn jáde ló kọ nọ́ńbà wọ̀nyí?”

Rẹ̀mílẹ́kún wo ìgbín keje. Ọ̀pá kékeré tó fà dábùú rẹ̀ ṣì ń dán, íǹkì náà kò tíì gbẹ dénú. Ó ti rò pé òun ń ran Tíṣà lọ́wọ́ ni. Báyìí ó rí i pé òun ti gba ẹnu Tíṣà sọ̀rọ̀, ẹni tí kò gbà fún ẹnikẹ́ni nígbà ayé rẹ̀ pé kó sọ ohun tí kò rí.

“Rárá,” ni ó wí. “Ọwọ́ mi ni.”

“Ọ̀ràn!” ni Sàbínà kígbe. “Rẹ̀mí!”

“Mo fọ ti Tíṣà nù ní ọjọ́ ogójì. Mo fi ojú to ìwọ̀nyí ní àárọ̀ yìí. N kò mọ èyí tó kọ́kọ́ sùn nínú wọn, àfi ọ̀kan.”

Ọkùnrin kan láti ìhà gúúsù tutọ́ sílẹ̀. “Ẹ kúkú jẹ́ kí Ọlọ jẹun. Omi wà ní abẹ́ ibùsùn mi, ẹ ń bá wa sọ ìtàn ìgbín.”

“Pa ẹnu rẹ dé, Káṣìmáawò,” ni Sàbínà dá a lóhùn. “Omi ti wà lábẹ́ ibùsùn rẹ kí odi tó jò.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Láṣebìkan kò rẹ́rìn-ín. Ó dá òǹtẹ̀ padà sínú àpò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bo ojú òkú. “Mo dúpẹ́ pé ẹ sọ òótọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà ló pa ẹ̀rí yín. Ìgbín tí a kò mọ àtẹ̀gùn rẹ̀, òkúta ni.” Ó na ọwọ́ sí okùn tí wọ́n fi ń jí Ọlọ.

Rẹ̀mílẹ́kún kò mọ ibi tí yóò wò. Ó wo Sàbínà. Sàbínà ti bínú ju àpò rẹ̀ sílẹ̀, àpò tí wọ́n ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dá a padà fún àtúnrán. Síbẹ̀ ìyanrìn funfun tú jáde láti ojú rírán rẹ̀, ó dà sí i lórí ẹsẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti jọ ń bú irú ìyanrìn yẹn. Bó ti wù kí o fọ àpò tó, ìyanrìn kì í tán lójú rírán.

“Ọ̀gá,” ni Rẹ̀mílẹ́kún wí, “ẹ dúró. Ẹ jọ̀ọ́. Ìta wọn ni mo fọ̀.”

“Màmá…”

“Ìgbín tó kú sínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà á wọ inú rẹ̀, á kún inú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ rẹ̀ dé ìdí, á sì bá a di òkúta. Kànhìnkànhìn mi kò lè débẹ̀. Ahọ́n yín sì ti tọ́ Àtẹ̀gùn wò, ipele kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ jẹ́ kó tọ́ inú wọn wò.”

Láṣebìkan yọ ọwọ́ lórí okùn. Ó gbé ìgbín kan, ó wo ẹnu rẹ̀ tó dí. “A ó ní láti fọ́ wọn.”

“Mo mọ̀.”

“Gbogbo méjèèje. Òfin kò gba àtẹ̀gùn tí a kò tọ́ wò. Títí kan èyí tí ẹ ní ẹ mọ̀.”

Ìyẹn ni kò tíì rò. Ó mú ìgbín kìíní, ó sì mú un dání títí ó fi móoru. Ọdún mọ́kàndínlógójì nínú ìṣẹ́tí aṣọ, lábẹ́ ìrọ̀rí, nínú àpótí nígbà tí wọ́n ń sá fún omi. Nígbà tí oyún méjì bọ́ lára rẹ̀, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Tíṣà kọjá odi, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ fún mi ní òòlù,” ni ó wí. “Kí n fúnra mi ṣe é.”

Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó là sí méjì, ó pariwo díẹ̀ bí ẹ̀pà tí wọ́n pa. Ọ̀nà inú rẹ̀ ń yí wọlé, ó ń kéré sí i, títí dé ibi tí ojú kò lè tẹ̀lé e mọ́. Ẹrẹ̀ funfun kan kún ibẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ kò tíì bà láti ìgbà tí òkun ìṣáájú ti lọ.

Ahọ́n kàn án. “Ìsàlẹ̀,” ni ó wí. “Kìíní.”

Ó fọ́ ìyókù. Èyí tó kọ “2” sí, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ dúdú, amọ̀ ni. Ahọ́n ní, “Òkè pátápátá. Keje.” Èyí tó kọ “4” sí, Ahọ́n ní ìkẹfà ni. Èyí tó ki jù lọ, tí ó fi ṣe keje pẹ̀lú ọ̀pá ìdábùú rẹ̀, àtẹ̀gùn karùn-ún ni.

Láṣebìkan tún wọn tò bí Ahọ́n ṣe sọ. Ó kó ojú jọ. “Kò tò mọ́. Ó ń ki sí i títí dé ìkarùn-ún, lẹ́yìn náà ó tún ń fẹ́lẹ́. Kí wá ni ìgbín yìí ń ṣe? Ó ń lọ, ó ń bọ̀?”

Rẹ̀mílẹ́kún ń wo àwọn ègé náà. Ní ìkíní àti ìkejì, ihò yọ sínú. Ní ìkẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, ihò bẹ̀rẹ̀, kò parí. Ní ìkẹfà àti ìkeje, kò sí ihò. Àwọn méjì tó ṣì ilé wọ̀ láàárọ̀, ilé wọn nìyí. Tíṣà ti sọ ọ́ fún un rí, ní ìrọ̀lẹ́ kan tí òun ń to aṣọ, òun sì ń dáhùn pé ẹn, ẹn, láìgbọ́.

“Olè ti lọ,” ni ó wí.

“Olè wo?”

“Èyí tó ń lu ihò. Ẹ wò ó, kò fi ọwọ́ kan ìkẹfà àti ìkeje rárá. Ọ̀gá, kí ni ẹni tí olè kò sí ládùúgbò rẹ̀ ń fi ilẹ̀kùn irin ṣe? Ìkarahun kíki kì í ṣe ọ̀fẹ́. Èyí tó ń mọ ògiri ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, á pẹ́ kó tó dàgbà. Nígbà tí olè wà, òun ló ń kù. Nígbà tí olè lọ, àwọn tó fẹ́lẹ́ tí wọ́n yára dàgbà ló ń bímọ jù ú lọ. Kò sí pé ó ń lọ síbì kan. Ohun tó bá bá a níbi tó wà ló ń yàn án.”

Ọwọ́ Láṣebìkan wà lórí àgbàdo tó jẹ kù.

“Àgbàdo oníyọ̀ yìí,” ni ó wí níkẹyìn, “wọ́n ní igi mọ́kànlá ló kù nínú gbogbo oko ní ọdún tí omi kọ́kọ́ dé. Ọmọ wọn ni gbogbo wa ń jẹ. Ní ọ̀dọ̀ wa ní àríwá, ibi tí iyọ̀ kò dé, a ti gbìn ín fún ogún ọdún. Lésìí ni odi jò sí wa. Ó kú lọ bí ẹ̀fọ́. A ní ó ti gbàgbé iyọ̀.”

“Kò gbàgbé, ọ̀gá. Àwọn tó lè gba iyọ̀ ni kò rí ààyè bímọ mọ́.”

“Ìbá ṣe pé ẹnì kan ti sọ fún wa.” Ó wo Àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dókè, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà ó wo àwọn èèyàn tí ṣòkòtò wọn tutù. Ó dìde, ó gbé garawa ọ̀dà pupa, ó sì rìn lọ síbi òkè. Ó fa ìlà kan láti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ga mọ dé ilẹ̀. Ó ka ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó fa ìkejì. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

“Odi ń jò,” ni ó wí. “N kò lè fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, Màmá, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín ìlà méjèèjì yóò dúró, láti ìkíní dé ìkeje. Ọlọ á jẹ lọ́tùn-ún, á jẹ lósì. Ẹ̀yin ni olùtọ́jú rẹ̀. Ẹ lè kọjá ìlà pupa nígbà tó bá wù yín.”

Káṣìmáawò kùn díẹ̀. Sàbínà wò ó títí ọkùnrin náà fi fà sẹ́yìn.

Wọ́n fa okùn. Ọlọ jí, ilẹ̀ mì, eruku funfun bo gbogbo wọn lórí títí wọ́n fi dà bí arúgbó ọjọ́ orí kan náà. Rẹ̀mílẹ́kún kò lọ. Ó wò ó bí ó ṣe ń jẹ ibi tí òun àti Tíṣà máa ń jókòó sí jẹ ìpápánu, àti ibi tí igi gúáfà wà rí. Láàárín ariwo náà, ẹnu ọ̀nà òkúta náà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, òun nìkan, kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ Ilé Omi kan gbé ife omi dídùn wá, nítorí òfin ní kí ẹlẹ́rìí fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rí. Rẹ̀mílẹ́kún gbà á. Ó gbé e fún Sàbínà.

“Mu ún.”

“Ọwọ́ rẹ ńkọ́? Wò ó bó ṣe rí.”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹrẹ̀ àtẹ̀gùn kìíní wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, funfun, ó ti ń gbẹ. Ó jókòó sílẹ̀, ó kó àwọn ìgbín tó là jọ sórí itan, ó sì ṣí gègé íǹkì. Ó kọ nọ́ńbà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ilẹ̀ ṣe tò wọ́n, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó dé orí ìkeje, kò fa ọ̀pá dábùú rẹ̀.

“Fi ọwọ́ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni ó wí. “Mo ti fọ nǹkan tó.”